Ọkọ̀ Sìmẹ́ǹtì Nínú Omi Èèwọ̀

Inú ọkọ̀ Kotare,
Nukuvesi, Fiji.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje, 1994.

Murray ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Jocelyn ìyàwó rẹ, mo kí àwọn màlúù náà, torí mo mọ̀ pé ní àsìkò yìí àwọn lẹ̀ ń tọ́jú ju ara yín lọ. Ṣé òtútù Hikurangi ò tíì gbé yín lọ? Ní tèmi, ara mi le koko. Imú mi ti bó lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń múra àtibó lẹ́ẹ̀kẹta.

Kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi: mo fi ọkọ̀ gbá àpáta abẹ́ omi. Bàbá rẹ a máa sọ ọ́ títí etí mi fi kún pé èèyàn kì í gba àlàfo àárín àpáta wọ ọ̀sà nígbà tí oòrùn bá kọjú sí i, torí kò ní rí abẹ́ omi. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, afẹ́fẹ́ ń le sí i lẹ́yìn mi, mi ò sì fẹ́ sun ojú agbami mọ́jú. Mo bá wọlé. Nǹkan kan dún gbàǹgbà lábẹ́ ìdí ọkọ̀, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi ṣubú. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, ara ọkọ̀ ò fọ́ níbì kankan. Gbogbo àwọn ará àdúgbò tó fi bàbá rẹ rẹ́rìn-ín fún ọdún mọ́kàndínlógún pé sìmẹ́ǹtì ò lè léfòó, kí wọ́n gbọ́ o. Ìtọ́kọ̀ nìkan ló kán.

Mo ju ìdákọ̀ró sínú ọ̀sà níwájú abúlé, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì tó bo orúnkún, mo gbé ìdì gbòǹgbò yaqona, èyí tí wọ́n ń pò mu níbí, tí mo rà ní ìlú Savusavu, mo wa ọkọ̀ kékeré lọ sétí omi láti fi kí baálẹ̀ bó ṣe yẹ kí gbogbo ọkọ̀ àlejò ṣe. Àwọn obìnrin jókòó sí iyanrìn nínú aṣọ dúdú, kò sì sí ẹni tó dìde. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Apenisa, òun ló ń bójú tó ètò abúlé lábẹ́ baálẹ̀, ló jáde wá pàdé mi.

Ó ní, "Màmá, ta lẹ gbé gbòǹgbò yìí wá fún?"

Mo ní baálẹ̀ ni.

"Baálẹ̀ ti kú. Sátidé tó kọjá la sin ín." Ó na ọwọ́ sí òpó kan tí wọ́n rì sẹ́nu ọ̀nà tó wọ ọ̀sà, tí wọ́n so aṣọ mọ́ lórí. Mo rí i nígbà tí mò ń wọlé, oòrùn ló wà lójú mi, mo rò pé àwọ̀n ẹnìkan ni wọ́n fi sàmì. "Omi tí ọkọ̀ yín wà yẹn, a ti tì í pa nítorí ikú baálẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún alẹ́. A kì í pẹja níbẹ̀, a kì í wẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ kankan kì í dúró síbẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ìyá mi ló bí baálẹ̀, mi ò lè ti ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀."

Murray, ká ní wọ́n pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn. Tíì ni wọ́n gbé fún mi, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ sísè. Ìgbà tí mo jẹun tán ni Apenisa wá làdí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ yóò tọrọ àforíjì, eyín àbùùbùtán ni wọ́n sì fi ń tọrọ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ló máa jókòó sí, á dorí kodò, ẹbí rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́. Bí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀, wọn yóò lè ṣí omi fún ọkọ̀ mi nìkan, àwọn káfíńtà wọn á fà á sókè, wọ́n á tún un ṣe. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó lè wọ omi yẹn wá ràn mí lọ́wọ́ títí ọgọ́rùn-ún alẹ́ yóò fi pé, ìjì ọdún yóò sì ti máa kanlẹ̀kùn nígbà yẹn.

Ó bi mí pé ṣé mo ní ọmọ. Mo ní mo ní ọmọkùnrin kan. Ká ní o rí bí ojú gbogbo wọn ṣe tú ká! "Ó ti parí nìyẹn," ni Apenisa wí. "Kó máa bọ̀."

Nítorí náà, máa bọ̀. Mo mọ̀ pé màlúù ń bí. Jẹ́ kí àbúrò Jocelyn bá ọ fún wàrà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bá mi mú irin méjì tó ń so ìtọ́kọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n wà nínú agolo pupa bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ, wọ́n á kọ́ ọ. Mereoni tí mò ń jẹun nílé rẹ̀ ti ń wá aṣọ tí wàá ró mọ́dìí. Ó ní bí ìdí rẹ bá jọ tèmi, aṣọ kan ò ní ká a.

Ìyá rẹ,
Noeline.


Hikurangi,
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, 1994.

Màmá mi,

Ẹ kú àárẹ̀ ọ̀nà, ẹ sì kú ewu àpáta. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Jocelyn ní kí n kí yín, ó ti kun yàrá ẹ̀yìn ní àwọ̀ ewé fún yín, ó ní oòrùn àárọ̀ ń wọ ibẹ̀.

Màmá, mo sọ fún yín. Lórí èbúté lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, níṣojú gbogbo èèyàn, mo sọ fún yín. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, nínú ọkọ̀ tí wọ́n kàn lẹ́yìn ilé, lójú òkun, òun nìkan! Ẹ ní Murray, kó ara ẹ nílẹ̀. Mo kó ara mi nílẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ ni mò ń kà yìí.

Ẹ wá ní kí n máa bọ̀. Oṣù kẹjọ ni. Lánàá, ọmọ màlúù mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi fà jáde kí n tó fẹnu kan tíì, ẹrẹ̀ dé orúnkún mi. Ṣé kí n sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n pa ẹsẹ̀ pọ̀, mò ń lọ jókòó sórí ẹní ní Fiji? Kí ni mo ṣe? Kí lẹ̀yin gan-an ṣe? Ẹ ju ìdákọ̀ró sí ibi tí kò yẹ. Wọ́n máa ń ṣe é ní gbogbo èbúté ayé, wọ́n á ní kó o kúrò, wàá kúrò.

Ẹ má bínú, bí mo ṣe rí i ni mo fẹ́ sọ. Àwọn èèyàn kan há ìyá arúgbó mọ́. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní kó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ kó gbé nǹkan wá. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, a mọ orúkọ tí à ń pe irú ìyẹn. Mo ti kọ̀wé sí àwọn aṣojú ìjọba wa ní Suva, mo ní kí wọ́n wá wo ohun tí ojú yín ń rí.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ọkùnrin kan ní Tauranga, Colin Prebble ni orúkọ rẹ̀, ti rí fọ́tò Kotare. Ó fẹ́ rà á bó ṣe wà, níbi tó wà, òun fúnra rẹ̀ á wá lọ gbé e. Ìwé náà wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, kí ẹ wọ bàálù, kí ẹ máa bọ̀ nílé. Màmá, ó tó gẹ́ẹ́.

Ọmọ yín,
Murray.


Hikurangi,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ.

Màmá,

Ẹ dákẹ́ jù. Ṣé ìwé náà dé? Ṣé ara yín yá? Colin ń béèrè lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Jocelyn ní kí n má fi Colin sí i, kí n kàn béèrè bóyá ẹ̀ ń jẹun. Ṣé ẹ̀ ń jẹun?

Murray.


Nukuvesi,
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹjọ, 1994.

Murray,

Inú mi dùn pé àwọn màlúù ń bí wẹ́rẹ́. Ìkíni tó wà lẹ́nu mi lónìí ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ dé. Ṣé o fẹ́ mọ ẹni tó gbé e wá? Ọlọ́pàá ni. Ọjọ́ Àìkú ni, gbogbo abúlé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà wà láàárín àwọn obìnrin, mo dé fìlà tí Mereoni hun fún mi. A kàn rí ọkùnrin mẹ́ta nínú aṣọ ìjọba lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn gan-an mọ ìwà hù jù ọ́ lọ: wọ́n dá ọkọ̀ wọn dúró lẹ́yìn òpó, wọ́n fi ẹsẹ̀ gba inú igbó yíká, bàtà wọn wà lọ́wọ́. Ọ̀gá wọn ò lè wo Apenisa lójú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹ ti ìyá òyìnbó kan mọ́lé."

Mereoni ni kò lè pa ẹnu mọ́. "A tì í mọ́lé lóòótọ́," ló wí. "Ẹja sísè la fi ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fà á kúrò níbi àwo, ká wò ó!" Àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ó ti tán. Ìgbà náà ni ìyàwó baálẹ̀ tó kú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbi tó jókòó sí. Ó ní ọkọ òun ò tíì pẹ́ nínú ilẹ̀, wọ́n ti kọ orúkọ abúlé rẹ̀ sínú ìwé ọlọ́pàá. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé orí mi sí. Àwọn tí wọ́n ń bọ́ mi láti oṣù keje, àwọn lo pè ní ọ̀daràn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ni mo dá, ojú mi ò ríran nígbà tí mo dá a. Ìwọ jókòó sídìí tábìlì, o fi ojú méjèèjì dá tìẹ.

Ní ti Colin Prebble, sọ fún un pé kó lọ kan tiẹ̀. Mereoni ti fi ìwé yẹn wé ẹja yíyan.

Jẹ́ kí n wá sọ nǹkan kan tí mi ò sọ fún ọ rí, torí o ò béèrè rí, kò sì sí ẹlòmíì tó béèrè. Ẹ̀yin gbogbo ń pè é ní ọkọ̀ Des bàbá rẹ. Àwọn aládùúgbò ń pè é bẹ́ẹ̀, ìwọ náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ta ló po sìmẹ́ǹtì? Ọjọ́ tí a rẹ́ ẹ lé wáyà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni, torí kò gbọdọ̀ gbẹ kí a tó parí. Bàbá rẹ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́ ẹ, èmi ni mò ń pò ó láti òwúrọ̀ títí ọwọ́ mi fi ṣẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà nínú ilé ìdáná, tí mò ń fi ọwọ́ kan ro ọbẹ̀. Ó wù mí láti lọ, Murray! Ẹ̀yin rò pé ìbànújẹ́ opó ló gbé mi lọ sójú òkun, pé tó bá pẹ́ díẹ̀ orí mi á wálé. Orí mi wà nílé. Mo fẹ́ rí àwọn erékùṣù yìí kí n tó kú, mo sì ń rí wọn.

Mi ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Mi ò ní wọ bàálù. Àmọ́ wá jókòó sórí ẹní yẹn fún mi. Mo ṣì ń bẹ̀ ọ́. Wá.

Noeline.


Hikurangi,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, 1994.

Màmá,

Ẹ kú ìbínú. Ó tọ́ kí ẹ bínú. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá yẹn, mi ò mọ̀ pé á rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mò ń gbà yín là ni. Nígbà tí mo ka ti ìyàwó baálẹ̀, mo jáde lọ bá àwọn màlúù, mi ò sì wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àmọ́ mi ò ní wá.

Ẹ̀yin ti sọ tiyín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo kórìíra ọkọ̀ yẹn. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti kórìíra rẹ̀. Gbogbo Sátidé tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù, bàbá ẹlòmíì máa ń wà létí pápá, á máa pariwo títí ohùn rẹ̀ á fi ha. Bàbá mi wà lábẹ́ ọkọ̀. Ọjọ́ tí mo ṣẹ́ ọrùn ọwọ́, ẹnìkan lọ pè é, ó ní òun ń bọ̀, kí òun parí wáyà kan. Abẹ́ rẹ̀ náà ló kú sí. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ fà á jáde, èérún sìmẹ́ǹtì kún irun rẹ̀. Mo wá rò nínú ara mi pé ó ti tán, a máa ta nǹkan burúkú yìí, màá wá ní ẹni tó ṣẹ́kù fún mi níwájú mi. Kò pé ọdún méjì tí ẹ fi gbé e sómi, tí ẹ sì bá a lọ.

Ẹ wá ní kí n lọ jókòó, kí n bá yín bẹ̀bẹ̀ nítorí ọkọ̀ yẹn. Màmá, mi ò lè ṣe é. Ẹnu mi ò ní gbà á, ìdí mi gan-an ò ní balẹ̀ lórí ẹní.

Ìjì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ẹ mọ̀ jù mí lọ. Bí oṣù kẹwàá bá parí tí ẹ ò sí nílé, ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́. Mi ò ní ka lẹ́tà kankan tó bá ti inú ọkọ̀ yẹn jáde lẹ́yìn ìgbà náà. Mi ò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà yín. Ó ti sú mi kí n máa dúró de èèyàn tó wà lọ́dọ̀ ọkọ̀ ni.

Murray.


Nukuvesi,
Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, 1994.

Murray ọmọ mi,

O ní o ò ní ka lẹ́tà mi lẹ́yìn oṣù kẹwàá. Oṣù kẹwàá ò tíì parí, jókòó kí o kà á.

Mo sunkún nítorí lẹ́tà rẹ. Mo fẹ́ kí o mọ̀. Ohun tí bàbá rẹ ṣe fún ọ ò dáa, mo sọ fún un nígbà tó wà láyé, kò gbọ́. Bínú sí i, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Àmọ́ èmi kọ́ ni bàbá rẹ. Ta ló wà létí pápá? Nínú òjò, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ọsàn gígé nínú abọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ yín? Ta ló gbé ọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ ṣẹ́? Mo dúró tì ọ́, mo dúró ti bàbá rẹ, mo dúró ti ìyá rẹ̀ títí ó fi kú nínú yàrá tí Jocelyn ń kùn yẹn. Ó tó. Ó kàn mí, mi ò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo lọ sílé Apenisa, mo sọ níwájú gbogbo wọn pé ọmọ mi ní òun ò ní wá. Ìgbà yẹn ló yé mi pé látọjọ́ yìí wá, ó wù wọ́n kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ ọmọ mi wà láyé, bí ẹlòmíì bá jókòó sáyè rẹ̀, wọ́n ti fi àbùkù kàn án. Ọ̀wọ̀ rẹ ni wọ́n ń bù fún ọ, ìwọ lo ń pè é ní ìjínigbé.

Sitiveni, ọkọ Mereoni, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ á fi pé, ló dìde. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ti sọ pé òun ò wá, àyè ti ṣófo nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Èmi á jókòó."

Ó jókòó lóòótọ́. Ó gbé eyín àbùùbùtán tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ dání, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo dorí kodò. Gbogbo ohun tó sọ, díẹ̀ ni mo gbọ́. Mo gbọ́ orúkọ mi. Mo gbọ́ ibi tó ti sọ pé oòrùn wà lójú mi. Ìyàwó baálẹ̀ gba eyín náà, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì parí. Lọ́jọ́ kejì àwọn ọkùnrin wọ omi dé ìbàdí, wọ́n fa Kotare sórí iyanrìn, wọ́n fi igi vesi gbẹ́ ìtọ́kọ̀ tuntun. Ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì ní kán láéláé. Ní Mọ́ńdé tó kọjá, ọgọ́rùn-ún alẹ́ náà pé, wọ́n yọ òpó. O ò rí ẹja tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí!

Tèmi ti parí. Tìẹ ò parí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá pọ̀ mọ́ tèmi kí n ru méjèèjì. Apenisa kọ̀. Ó ní ti ọlọ́pàá, ẹni tó pe ọlọ́pàá ló ni ín. Mi ò sọ ọ́ kí o lè wá. Mo ti bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ní bẹ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo kàn ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ó ku ibi tí mò ń lọ. Mi ò bọ̀ nílé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí, àríwá ni mo kọjú sí, Tarawa, níbi tí ìjì yìí kì í dé. Mereoni ń bá mi lọ. Sitiveni bi í pé ta ni yóò máa se oúnjẹ, ó ní, "Ìwọ ni. Ọwọ́ méjèèjì ṣì wà lára rẹ." Mereoni ti ń bì láti ìgbà tí a ti wọ ọkọ̀ lọ dán an wò, ó sì ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá fẹ́ kọ̀wé, ilé ìfìwéránṣẹ́ Tarawa ni kí o kọ ọ́ sí. Bí o ò bá fẹ́, ọmọ mi ṣì ni ọ́. Ìyẹn náà, mi ò bi ọ́ léèrè lórí rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Noeline.


Nukuvesi, Fiji.
Ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, 1994.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojú òkun, ẹ̀yin àti Àǹtí Mereoni. Kí lẹ́tà yìí bá yín láyọ̀ ní Tarawa.

Ẹ ti rí ibi tí mo kọ ọ́ sí lókè, nítorí náà ẹ má pariwo. Mo mọ̀ pé ẹ ti lọ kí n tó wọ bàálù. Ẹ̀yin kọ́ ni mo wá bá.

Láti Savusavu, ọkọ̀ tó ń kó àgbọn gbígbẹ ni mo wọ̀. Mo bì láti èbúté dé èbúté. Obìnrin kan tó gbé ẹlẹ́dẹ̀ dání ń fi ọwọ́ kan ra mí lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ kejì ra ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò lè dúró gbọn-in. Ọkùnrin kan wá gba àpò mi, kò bi mí pé ta ni mí. Ó kàn kígbe sókè pé, "Ọmọ Noeline ti dé!" Sitiveni ni. Ó se oúnjẹ fún mi. Ẹ sọ fún Àǹtí Mereoni pé iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo jókòó, Màmá. Mo ti sọ fún yín pé ìdí mi ò ní balẹ̀ lórí ẹní, ó balẹ̀. Mo béèrè pé ta ni yóò bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹbí mi kan ṣoṣo ti wà lójú òkun. Sitiveni wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ó ní bí ìyá mi bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n òun, kí ni mo rò pé òun jẹ́ sí mi?

Ó gbé eyín àbùùbùtán mìíràn dání, mo dorí kodò sẹ́yìn rẹ̀. Apenisa ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Ó ní, "Ọmọ wa ló ṣẹ̀. Kò ṣe é láti fi àbùkù kàn yín. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ìyá rẹ̀ ò ní padà wá." Kò tún sọ ju ìyẹn lọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà fún Jocelyn, àmọ́ ọkùnrin tí mo pàdé lánàá ló fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ níwájú gbogbo abúlé. Mo sunkún bí ọmọdé. Ìyàwó baálẹ̀ gba eyín náà, ó fà mí mọ́ra, ó ní mo ga jù, kí n tẹ̀ ba.

Ẹ má rò pé wọ́n fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a jókòó yí abọ́ yaqona ká lálẹ́, ibi tí mo bá yíjú sí, ẹnìkan á bi mí pé, "Ọmọ Noeline, àwọn ọlọ́pàá rẹ dà? Ṣé wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn?" Bí mo bá gba ẹja, wọ́n á ní kí n ṣọ́ra, kọ́kọ́rọ́ ni. Wọ́n ní títí màá fi kú ni wọ́n á máa bi mí.

Mo ṣì kórìíra ọkọ̀ yẹn. Mo wo ibi tí wọ́n fà á gòkè sí, ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣì wà nínú iyanrìn, mo sì kórìíra rẹ̀ níbẹ̀ náà. Mi ò ní wọ̀ ọ́ láéláé, ẹ má tiẹ̀ bẹ̀ mí. Ẹ má sì bọ̀ nílé nítorí tèmi. Àmọ́ ẹ máa kọ̀wé. Oṣù yòówù kó jẹ́, ẹ kọ ọ́, màá kà á.

Colin Prebble pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò nílé. Ó ní òun ti múra tán, kí ló tún ń dá wa dúró? Mo ní ọkọ̀ náà ò sí fún títà. Inú bí i, ó ní kí ló fà á. Mo ní ìyá mi ń lò ó.

Ọmọ yín,
Murray.